Irọ́ ni o, Jésù ò fagi lé òfin tó ní ká má bọ òrìṣà

Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́sééjì kan ń lọ kiri lórí WhatsApp pé òfin "má bọ òrìṣà" ti Májẹ̀mú Láéláé ni, pé látìgbà tí Jésù ti dé kò sóhun tó burú níbẹ̀ mọ́ tọ́kàn èèyàn bá ṣáà ti wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ ṣí Mátíù 4:10. Èṣù fi gbogbo ìjọba ayé han Jésù, ó ní kó ṣáà wólẹ̀ fóun, kí wá ni Jésù fi dá a lóhùn? Òfin yẹn náà ni o, Diutarónómì 6:13, pé Olúwa Ọlọ́run rẹ nìkan ni kí o máa sìn. Ṣé ẹni tó fẹ́ fagi lé òfin ló máa fi lé Sátánì lọ?

Ní Ìṣe 15, àwọn àpọ́sítélì àtàwọn alàgbà ní káwọn kèfèrí tó gbàgbọ́ má wulẹ̀ kọlà, àmọ́ ti òrìṣà, wọ́n ní kí wọ́n takété sí i.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti "ọkàn" yẹn. Nínú Ẹ́kísódù 32, Áárónì mọ pẹpẹ síwájú ère màlúù wúrà, ó wá kéde pé ọ̀la ni àjọ̀dún Olúwa. Orúkọ Ọlọ́run wà lẹ́nu àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dáadáa, Ọlọ́run ò sì gbà á. Kódà ejò bàbà tí Mósè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ní kó ṣe, nígbà táwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i, Ọba Hesekáyà fọ́ ọ túútúú (2 Àwọn Ọba 18:4).