Ẹ Gbé Èsì Àyẹ̀wò Síta

Wọ́n tún ti ní ìgbẹ́ gbuuru lásán ni àìsàn tó ń dá èèyàn dùbúlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àtẹ̀jáde tí àwọn aláṣẹ ìlera fi síta lọ́jọ́ Ẹtì kò dárúkọ onígbáméjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ará ìlú fọkàn balẹ̀, àyẹ̀wò ń lọ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí. Àyẹ̀wò wo? Ìgbẹ́ èèyàn mélòó ni wọ́n gbà? Láàbù wo ni wọ́n gbé e lọ? Láti ọdún 2017 la ti ń bi wọ́n, a ò sì ní yé bi wọ́n.

Lọ́dún náà, láàárín oṣù Karùn-ún sí ìparí oṣù Kẹfà, èèyàn 1,558 ni wọ́n fura sí pé ó ní onígbáméjì ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tó wà nínú Ìlọrin, àti ní Asà àti Moro. Èèyàn 11 kú. Nínú gbogbo wọn, 13 péré ni láàbù ti fìdí tiwọn múlẹ̀ nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Keje. A ò ní kí wọ́n yẹ gbogbo aláìsàn wò. Tí àrùn bá ti hàn gbangba ládùúgbò, ojú dókítà tó láti dá a mọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n tètè gba ìgbẹ́ wọn, kí wọ́n tó gbé kápúsù kẹ́míìsì mì, torí kápúsù lè pa kòkòrò tí láàbù ń wá. Kòkòrò tí wọ́n bá gbìn sí láàbù kì í sábà kọjá ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó hàn. Kí ni wọ́n wá ń dúró dè láti ọ̀sẹ̀ méjì?

Ìtọ́jú ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de èsì kankan. Kòkòrò yìí máa ń tu oró sínú ìfun, ìfun á sì máa da omi àti iyọ̀ ara nù, títí ìgbẹ́ á fi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ojú aláìsàn á jìn wọnú. Bí a bá fi ìka méjì fa awọ ara rẹ̀ sókè, kì í tètè padà sípò. Ẹni tó jí lọ sọ́jà láàárọ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí aláìsàn ń mu, tàbí dírípù tó tètè dé ló ń gba ọ̀pọ̀ wọn là.

Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n bá sọ fún pé ìgbẹ́ gbuuru lásán ni, á ní kí ọmọ sùn ná. Aládùúgbò rẹ̀ á máa fa omi kànga kan náà, kànga tí kò jìnnà sí ṣálángá, lásìkò òjò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kó kòkòrò yìí ni kì í tilẹ̀ ṣàìsàn, síbẹ̀ ó ń bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn bàbá wa kò ní láàbù, síbẹ̀ wọ́n fún àrùn yìí lórúkọ tirẹ̀, wọn ò dà á pọ̀ mọ́ inú rírun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láàbù, kí ló ń dẹ́rù bà yín nínú orúkọ?

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n ka iye ìgbẹ́ tí wọ́n gbà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ohun tí láàbù rí síta lórí Rédíò Kwara, ní Yorùbá, Hausa, Fúlàní àti Nupe. Kí wọ́n yẹ omi kànga wò pẹ̀lú, kí wọ́n sì dárúkọ èyí tó ti bàjẹ́, kí àwọn tó ń fa omi níbẹ̀ mọ̀ kí wọ́n tó tún ju okùn sí i láàárọ̀ ọ̀la.