Mítà Mẹ́ta Tí Mi Ò Rí

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbà mí o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, nítorí ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti fi ṣe é.

Bàtà àti báàgì obìnrin ni mò ń tà. Ọjà Gbági ni mo wà jẹ́jẹ́ kí ọgbọ́n àgbọ́njù tó gbé mi lọ gba ṣọ́ọ̀bù nínú mọ́ọ̀lù (mi ò ní dárúkọ ẹ̀). Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, èrò ń wọlé wìtìwìtì. Mo ní ire ti dé. Àṣé fọ́tò ni wọ́n wá yà! Ọmọbìnrin kan wọ bàtà gogoro mi, ó rìn síwá sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ká a sí fídíò. Ó bọ́ ọ, ó ní "Ẹ ṣé, mà," ó bá tiẹ̀ lọ, ó lọ wo fíìmù.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Àgírímẹ́ǹtì wa ni kẹ́ ẹ gbọ́. Square metre 24, dọ́là 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù. Nígbà tí mo buwọ́ lù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ò ju nǹkan bíi 460 náírà lọ ní báńkì, owó oṣù mi ò sì pé 280,000. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, dọ́là ti lé ní 1,500. Owó mi di 900,000 lóṣù! Ṣọ́ọ̀bù kan náà, ògiri kan náà, ìyá oníbàtà kan náà. Ta lẹ ti rí tó mú dọ́là wá ra bàtà n'Íbàdàn?

Mo lọ bá mánéjà wọn, ọmọkùnrin kan tí mo lè bí, tí "mà" tó ń pè mí dà bí ẹni ń gún mi lábẹ́rẹ́. Ó ní gbèsè dọ́là ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Èmi ni mo rán wọn lọ yá a? Ilé Kòkó tó ga gogoro ní Dùgbẹ̀ láti 1965, ṣebí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ló kọ́ ọ. Mo ní Báńkì Àpapọ̀ ti kìlọ̀ ní 2015 pé kí wọ́n yé fi dọ́là díye lé ọjà nílẹ̀ yìí. Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, náírà là ń gbà. Dọ́là la kàn fi ń ṣírò ẹ̀." Ẹ ò gbọ́ nǹkan!

Service charge, owó ìtọ́jú mọ́ọ̀lù, wá ńkọ́? Ó ti lé lọ́dún kan tí àtẹ̀gùn tó yẹ kó máa gbé èèyàn ròkè ti dákú. Ẹsẹ̀ wa la fi ń gùn ún bíi ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Bẹẹrẹ, a sì ń sanwó ìtọ́jú ẹ̀. Amúlétutù, wọ́n ń pa á lọ́sàn-án gangan torí owó dísẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí owó iná Band A, ti àwọn tí wọ́n ní kó máa rí iná jù, fò láti náírà 68 sí 225 ní oṣù kẹrin 2024, kíá ni ìwé àfikún gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tó wálẹ̀ díẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo ń retí ìwé. Mo ṣì ń retí ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá aránṣọ tó múlé tì mí mú téèpù ọrùn ẹ̀, ó ní ká wọn ṣọ́ọ̀bù mi ṣeré. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ́kànlélógún! Mo sáré tọ ọmọ mánéjà yẹn lọ, mo ní mítà mẹ́ta yòókù dà? Ó ní ìdajì ògiri wà níbẹ̀, òpó wà níbẹ̀, àti ìpín tèmi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fẹ́ pàtẹ bàtà sí ni? Dọ́là 75 lóṣù fún ibi tí mi ò lè gbé sálúbàtà kan lé, mo sì tún ń san service charge kí wọ́n lè gbá a!

Mo lọ ṣ'Iléyá nílé, mo ti ilẹ̀kùn ọjọ́ méjì. Wọ́n já owó ìtanràn lé mi lórí, pé dandan ni kí n ṣí láago mẹ́wàá. Ní Gbági, màá kàn ní "Ìyá Ridwan, ẹ bá mi wojú ibẹ̀" ni, á sì bá mi tà á, á kówó fún mi pé pérépéré.

Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń fa èrò wá ti kó lọ, kọ́bọ̀ kan ò kúrò nínú owó wa. Èmi náà ti ní mò ń lọ. Mo béèrè owó kọ́ṣọ̀n mi, owó ìdúró tí mo kó sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní àfi kí n kọ́kọ́ dá ṣọ́ọ̀bù padà bí mo ṣe bá a, kí n hú táìsì ilẹ̀ kúrò. Táìsì tí mo fowó ara mi lẹ̀! Mo ti pe bíríkìlà tó bá mi lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀, tòun ti òòlù.