Ẹ Yéé Fi Superman Wé Jésù
Ó ti sú mi pé nígbàkigbà tí fíìmù tuntun bá jáde nípa Superman, akọni inú ìtàn àròsọ tó ń fò lójú ọ̀run, àwọn oníwàásù kan á sọ ọ́ di àwòrán Jésù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Júù méjì ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ni wọ́n ṣẹ̀dá Superman, ìtàn rẹ̀ sì kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1938. Nínú ìtàn náà, ọmọ ọwọ́ ni Superman nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀ òfurufú kí ó má baà kú; Mósè ló jọ. Ẹ̀ṣẹ́ ni Superman fi ń ṣẹ́gun. Jésù Olúwa mi lè ké pe ohun tó ju lẹ́gíónì (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá) áńgẹ́lì 12 lọ, síbẹ̀ ó gbà kí wọ́n kan òun mọ́gi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọdé kan ní kíláàsì mi béèrè ìdí tí Jésù kò fi fò kúrò lórí àgbélébùú.