Henry Ford kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Ẹ bi ọmọ iléèwé kan pé ta ló ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ láyé, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dá yín lóhùn pé Henry Ford ni. Ẹ bi bàbá rẹ̀, ohun kan náà ni yóò sọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì ti rí i nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìwúrí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp. Kì í ṣe òótọ́. Ford kọ́ ló ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́ láyé, òun kọ́ ló ṣe àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, kódà òun kọ́ ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀ nígboro Detroit tó ń gbé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1886, Karl Benz, ará Mannheim nílẹ̀ Jámánì, kọ̀wé sí ìjọba láti gba páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó bá dá nǹkan tuntun sílẹ̀, lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ń fi ẹ̀ńjìnnì rìn. Nọ́ńbà páténtì náà ni 37435. Lọ́dún yẹn kan náà, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ń gbé ẹ̀ńjìnnì tiwọn sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Cannstatt, láìsí ẹṣin. Níbo ni Henry Ford wà? Ọmọ ọdún 22 ni, ó wà lóko ní agbègbè Dearborn, ìpínlẹ̀ Michigan. Ọdún mẹ́wàá ṣì kù kí ọkọ̀ tirẹ̀ tó rìn.

A gbọ́dọ̀ dárúkọ ìyàwó Benz níbí, torí ẹni tó bá gbé gbogbo ògo fún Karl nìkan ti ṣe irú àṣìṣe tí mo fẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Bertha ni orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tiẹ̀ tó ṣègbéyàwó ni owó tí ìdílé rẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún un ti yọ ilé iṣẹ́ Karl nínú gbèsè àti wàhálà. Nígbà tí ọkọ̀ náà wá délẹ̀, tí kò sí ẹni tó fẹ́ rà á, Bertha ló gbé ìgbésẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1888, ó wa ọkọ̀ náà jáde ní kùtùkùtù láìsọ fún ọkọ rẹ̀, ó kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, dání, ó sì forí lé ilé ìyá rẹ̀ ní Pforzheim. Ìrìn náà ju kìlómítà 100 lọ. Kò sẹ́ni tó tíì fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò sí ilé epo níbì kankan nígbà náà. Nígbà tí epo fẹ́ tán, ilé apòògùn kan ní Wiesloch ni Bertha ti ra ligroin, oògùn olómi tí àwọn èèyàn fi ń yọ àbàwọ́n kúrò lára aṣọ. Páìpù epo dí, ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ tú u. Wáyà kan bó, ó fi okùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wé e. Bíréèkì ń jẹ tán lọ, ó ní kí aránbàtà kan awọ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá dé ibi tó ga, àwọn ọmọ á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa tì í. Nígbà tó padà dé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Karl, Karl sì fi jíà kan kún un kí ọkọ̀ lè máa gun òkè. Ẹni àkọ́kọ́ tó dán ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà títí tó fi mọ àléébù rẹ̀, obìnrin ni, ìyá ọlọ́mọ ni. Ó máa ń dùn mí pé orúkọ Ford wà lẹ́nu gbogbo ọmọ wa, tí ti Bertha ò sí lẹ́nu ẹyọ kan.

Ẹnì kan lè ní ó dáa, Jámánì ló ṣáájú, ṣùgbọ́n Ford ló kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà. Rárá o. Àwọn ọmọ ìyá méjì, Charles àti Frank Duryea, ti gbé ọkọ̀ tiwọn sójú títì ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893. Frank ló gba ipò kìíní nínú eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Chicago lọ́dún 1895. Nígbà tó di 1896, wọ́n ti ṣe ọkọ̀ 13 tó bára mu, fún títà. Ransom Olds tẹ̀ lé wọn: ní 1901, ó ṣe ju 400 lọ nínú ọkọ̀ kékeré tó ń jẹ́ Curved Dash, dọ́là 650 ló sì ń tà á. Ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Ford lónìí kò tíì sí láyé nígbà yẹn.

Detroit ńkọ́? Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1896, Charles Brady King wa ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gba ìgboro Detroit kọjá. Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń wò ó. Henry Ford ni. King yìí kan náà ló tún ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà ẹ̀ńjìnnì kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ní òru mọ́jú ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, Ford parí Quadricycle, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó kọ́kọ́ ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Bagley Avenue. Ilẹ̀kùn kò gba ọkọ̀ náà, àáké ló fi fọ́ ògiri kó tó lè gbé e jáde. Mo fẹ́ràn ìtàn àáké yìí gan-an, n kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Edison ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà; àfipá-wáyè ni gbogbo wákàtí tó fi ṣe ọkọ̀ yẹn. Iṣẹ́ akin ni. Àmọ́ kì í ṣe àkọ́kọ́.

Èyí tí àwọn oníwàásù àṣeyọrí kì í sọ ni pé ilé iṣẹ́ méjì ló kọ́kọ́ bọ́ mọ́ Ford lọ́wọ́. Detroit Automobile Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1899, kógbá sílé ní 1901. Lọ́dún náà kan náà ni wọ́n dá òmíràn sílẹ̀, Henry Ford Company, tó fi orúkọ rẹ̀ sí. Òun àti àwọn olówó tó ń náwó sí i kò gbọ́ra wọn yé, ó sì kúrò níbẹ̀ nínú oṣù Kẹta ọdún 1902. Àwọn olówó náà pe Henry Leland, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ irin, pé kó wá díyelé àwọn ẹ̀rọ kí wọ́n lè tà wọ́n. Leland wò ó títí, ó ní ẹ má tà á, ẹ jẹ́ ká máa ṣe ọkọ̀. Wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cadillac. Bẹ́ẹ̀ ni o: Cadillac tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń gùn, ilé iṣẹ́ tí Ford fi sílẹ̀ ló di í.

Ẹ̀kẹta ló wá rọ́wọ́ mú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1903, Ford Motor Company bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dọ́là 28,000 péré. Alexander Malcomson, oníṣòwò èédú, wà lára àwọn tó dá owó náà. James Couzens, akọ̀wé Malcomson, ló ń ṣọ́ àpò. John àti Horace Dodge ló ń bá wọn ṣe ẹ̀ńjìnnì àti ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Àwọn náà ló wá dá ọkọ̀ Dodge sílẹ̀ nígbà tó yá. Àwọn ọkọ̀ Ford àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún yẹn, ọwọ́ àwọn Dodge hàn lára wọn ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ.

Kí ló wá dé tí gbogbo ayé fi gbà pé Ford ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Model T ni. Ó jáde nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1908, dọ́là 850 ni wọ́n ń tà á. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1925, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ti wálẹ̀ dé dọ́là 260. Kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní 1927, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ. Àgbẹ̀, olùkọ́, oníṣọ́ọ̀bù, àwọn tí wọn ò lálàá pé àwọn á ní ọkọ̀, ni wọ́n rà á. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ ọgbà wọn, ó sì rọrùn kí ohun tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ di ohun tó kọ́kọ́ wà láyé. Iṣẹ́ Ford gan-an nìyí: ó mú ohun tí àwọn olówó ń fi ṣe fàájì, ó sì sọ ọ́ di ti mẹ̀kúnnù. Lójú tèmi, èyí tóbi ju pé kéèyàn kọ́kọ́ ṣe ẹyọ ọkọ̀ kan lọ. Ó dà bíi pé irọ́ tí a pa fún un yìí ló ń bo òótọ́ tó ṣe mọ́lẹ̀.

Model T yẹn pàápàá, àgbájọ ọwọ́ ni. Childe Harold Wills ló wà nídìí irin fánádíọ̀mù tó mú kí ọkọ̀ náà fúyẹ́ kó sì le. Joseph Galamb, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì, ló ya èyí tó pọ̀ jù lára àwòrán ẹ̀yà rẹ̀. Ìtàn pé dúdú nìkan ni wọ́n ń kùn ún náà kò rí bẹ́ẹ̀: ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, pupa wà, eérú wà, ewé wà. Ọdún 1914 ni dúdú gba gbogbo rẹ̀ kan, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ lára ọkọ̀. Wọ́n tún kó àwọ̀ mìíràn wọlé ní 1926.

Irọ́ kejì tó máa ń bá ti àkọ́kọ́ rìn ni pé Ford jókòó, ó ronú, ó sì dá ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní assembly line sílẹ̀, ìyẹn ètò tí iṣẹ́ fi ń kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́, tí kálukú á ṣe apá tirẹ̀. Ní Chicago, àwọn tó ń pa màlúù ti ń gbé òkú ẹran kọ́ sórí ṣéènì tó ń rìn lókè. Alápatà á dúró sójú kan, ẹran á wá bá a, á gé apá tirẹ̀, ẹran á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. William Klann, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ Ford, lọ wò ó, ó sì rí i pé bí wọ́n bá lè tú màlúù palẹ̀ báyìí, àwọn náà lè to ọkọ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Peter Martin, Charles Sorensen, Clarence Avery àti àwọn mìíràn ló jọ ń dán an wò ní ilé iṣẹ́ Highland Park. Ọdún 1913 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí magneto, ẹ̀yà tó ń fún ẹ̀ńjìnnì ní iná. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, okùn ni wọ́n fi ń fa férémù ọkọ̀ kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Ohun tó ń gba ju wákàtí 12 lọ tẹ́lẹ̀ wá ń gba ìṣẹ́jú 93 lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ara òṣìṣẹ́ kò gbà á. Ẹni tó ń de nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́ kì í pẹ́ kó tó sá. Ní 1913, ilé iṣẹ́ náà gba èèyàn tó ju 50,000 lọ kí wọ́n tó lè ní nǹkan bí 14,000 tó dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó wá di ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1914, wọ́n kéde pé owó iṣẹ́ òòjọ́ á kúrò ní nǹkan bíi dọ́là méjì ààbọ̀, á di dọ́là márùn-ún, wákàtí iṣẹ́ á sì wálẹ̀ láti mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Wọ́n máa ń sọ pé inú rere ló mú un ṣe é, tàbí pé ó fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè ra ọkọ̀ ni. Ìṣirò okòwò ni, Couzens sì wà nídìí rẹ̀ gidi. Gbogbo èèyàn kọ́ ló tún kàn. Ìdajì owó náà jẹ́ ìpín èrè, ilé iṣẹ́ sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń rán àwọn èèyàn lọ sílé òṣìṣẹ́ láti wò ó bóyá ó ń mutí, bóyá ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, bóyá ó ń fowó pamọ́. Ẹni tí kò bá yege kì í gba dọ́là márùn-ún. Àwọn obìnrin kò sí nínú ètò náà rárá níbẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kó ti fòpin sí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́yà kan ní Rochester, George Selden, kọ̀wé ní 1879 láti gba páténtì lórí ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀ńjìnnì rìn, ó fà á títí di 1895 kó tó gbà á. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ wá ń fi páténtì yẹn gbowó lórí gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá tà ní Amẹ́ríkà. Ford kọ̀, kò san án. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní 1903, ó pàdánù ní 1909, ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì borí nínú oṣù Kìíní ọdún 1911. Ohun tí àwọn adájọ́ sọ ni pé irú ẹ̀ńjìnnì tí George Brayton ṣe nìkan ni páténtì Selden dé. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ Ford yàtọ̀: irú tí Nikolaus Otto ṣe ní ilẹ̀ Jámánì lọ́dún 1876 ni. Ìyẹn ni pé ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ Ford pàápàá, ẹlòmíràn ló ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀.