Àwọ̀ tó pòórá kọ́ ni májèlé tó lọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí àwọn ará Ìkòròdú da ẹ̀rún wúrà sí kànga. Ẹ ní nínú fídíò tí ẹ wò, wọ́n fi wúrà sí omi yẹ́lò, àwọ̀ rẹ̀ sì pòórá, pé májèlé ti lọ. Kò lọ o! 4-nitrophenol, kẹ́míkà olóró kan, ló ní àwọ̀ yẹn. Wúrà àti sodium borohydride (kẹ́míkà tó ń pèsè haidirójìn) ló jọ sọ ọ́ di kẹ́míkà mìíràn, 4-aminophenol, tí kò láwọ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì léwu. Àwọn tó ń ṣe parasitamọ́ọ̀lù ló wúlò fún.

Ẹ̀rún alágbẹ̀dẹ wúrà sì tóbi jù. Nǹkan bíi nanometer mélòó kan (nanometer kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà) ni èyí tó ń ṣiṣẹ́, ojú lásán ò lè rí i. Kódà, kì í ṣe gbogbo nǹkan ni irú wúrà bẹ́ẹ̀ ń yí padà: lọ́dún 2006, Corma àti Serna, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Sípéènì, fi í sórí titanium dioxide (ìyẹ̀fun funfun kan), pẹ̀lú haidirójìn, yí apá nitro (náítrójìn kan àti ọ́síjìn méjì, irú èyí tó wà lára 4-nitrophenol) nìkan padà. Wọn ò ba ìsopọ̀ alọ́po méjì (ibi tí átọ́ọ̀mù méjì ti so pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì) tó wà lára èròjà kan náà jẹ́.