Ọ̀já Ààrẹ àti Ìwé Iṣẹ́ Ọmọ Ọ̀dọ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Lula ń padà sórí àlééfà ní Bràsíl, Bolsonaro, ààrẹ tó ń kúrò, tó yẹ kó gbé ọ̀já ààrẹ, aṣọ tó jẹ́ àmì ipò náà, kọ́ ọ lọ́rùn ti bọ́ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ará ìlú ló ń gba ọ̀já náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi dé ọwọ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń ṣa pàǹtí tà láti fi jẹun, òun ló sì gbé e kọ́ Lula lọ́rùn. Orí fóònù ni mo ti wò ó, omi sì bọ́ lójú mi, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ bí ẹrù nìyẹn, tí wọn kò sì dá ẹrú sílẹ̀ títí di ọdún 1888.

N kò kábàámọ̀ omijé náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, àyè méjì ṣí ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú sì bẹ̀bẹ̀ títí pé kí Lula fi obìnrin aláwọ̀ dúdú kan sí ọ̀kan nínú wọn, nítorí irú rẹ̀ kò jókòó níbẹ̀ rí. Ọkùnrin ló fi sí méjèèjì. Ohun tó dùn mí ni pé ayẹyẹ ọ̀já kò ná an ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé orí àga adájọ́ yẹn lè wà níbẹ̀ títí yóò fi pé ẹni ọdún 75, tí ìdájọ́ rẹ̀ yóò sì máa de gbogbo ìlú.

Ojú aláwọ̀ dúdú lásán tún lè ṣe ibi ju èyí lọ. Àjọ Palmares, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1988 láti máa tọ́jú àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, bọ́ sọ́wọ́ Sérgio Camargo lábẹ́ ìjọba Bolsonaro. Aláwọ̀ dúdú ni. Òun náà ló sọ ní gbangba pé ìsìnrú burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú lóore.

Benedita da Silva, olóṣèlú aláwọ̀ dúdú ní Bràsíl, ni ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ojú aláwọ̀ dúdú nípò yìí bá ti jẹ yọ. Ọmọ alágbàfọ̀ ni, òkè Chapéu Mangueira ní Rio ló ti dàgbà, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí. Lọ́dún 2002 ó di gómìnà Rio, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Bràsíl, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù. Nígbà tí òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà jáde lọ́dún 1943, wọ́n yọ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ wọn jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń sùn nínú yàrá tóóró lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí bẹ́ẹ̀dì kan ti gba gbogbo ilẹ̀, tí wọ́n ń jí ṣáájú onílé, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ abọ́ oúnjẹ alẹ́ tán kí wọ́n tó fìdí lélẹ̀. Laudelina de Campos Melo, tó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí, ti dá ẹgbẹ́ fún wọn ní Santos láti ọdún 1936. Ọdún 77 kọjá kí àtúnṣe òfin ilẹ̀ náà tó sọ lọ́dún 2013 pé wákàtí 44 ni ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ wọn, àti pé ẹni tó bá mú wọn ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sanwó lé e. Benedita wà lára àwọn tó gbé àbá náà la ilé aṣòfin kọjá. Ó mọ iṣẹ́ yẹn látinú wá.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Bràsíl ni ọ̀gá wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ fún, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé iṣẹ́ wọn wà lábẹ́ òfin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ wò kò sì lè ṣàdédé wọ ilé onílé. Aláwọ̀ dúdú yòówù tó bá tún ń wá ìbò láti dé Brasília, olú ìlú Bràsíl, bí yóò ṣe ṣí ilẹ̀kùn yẹn ni mo fẹ́ kó sọ fún wa.