Ta Ni Ó Sọ fún Yín Pé Awakọ̀ Yẹn Jinlẹ̀?

Ó ti sú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá tún dá fíìmù dúró lójú mi láti sọ fún mi pé ẹ̀dá ìtàn tí kò sọ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ jinlẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ, n ó dìde fún un ni. Ẹ̀yin náà mọ irú àwọn ènìyàn tí mò ń wí, nítorí kò sí ìdílé tí kò ní tirẹ̀.

Lálẹ́ àná, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jókòó wo fíìmù kan tí awakọ̀ ọ̀gá olówó kan wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ yìí ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó pa á dé, ó sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì sọ lẹ́ẹ̀kan pé òjò ti ṣú. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi ojú awakọ̀ náà hàn wá nínú dígí tí ó fi ń wo ẹ̀yìn, ó sì ṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti nawọ́ gán rìmóòtù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i bí ó ṣe wò wọ́n?"

Mo ní mo rí i. Ó dá fíìmù padà sẹ́yìn, ó ní ìfẹ́ ìyàwó ọ̀gá ni ó wà lọ́kàn awakọ̀. Ó tún dá a padà, ó ní rárá, ọkùnrin náà ti sin aya tirẹ̀ rí ni, ìjà yẹn ni ó ń rán an létí. Nígbà tí yóò fi dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, awakọ̀ ti di ẹni tí yóò pa ọ̀gá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ni gbogbo ìwò ọ̀hún! A wá jókòó de ìpànìyàn títí fíìmù fi parí, awakọ̀ ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá, "Awakọ̀" lásán ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó kọ ìtàn kò tilẹ̀ rí orúkọ fún un.

Mo béèrè pé ìjìnlẹ̀ náà dà. "Ẹ̀gbọ́n, ó fara sin ni." Ó mà ṣe o! Ó fara sin débi pé ẹni tí ó dá a kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti tó 100 ọdún tí Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù ará Rọ́ṣíà, mú àwòrán ojú òṣèré kan ṣoṣo tí kò fajú ro tí kò sì rẹ́rìn-ín, tí ó fi lé àwo ọbẹ̀ lẹ́yìn, tí ó tún fi ojú kan náà lé pósí òkú lẹ́yìn. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà, ńṣe ni àwọn òǹwòran ń yin òṣèré náà pé ó mọ ebi í ṣe, ó sì mọ ọ̀fọ̀ í ṣe. Ojú kan náà ni o. Àwọn ni ebi ń pa.

Ẹ má sì sọ pé mo ní ipa kékeré kò lè jinlẹ̀. Nínú fíìmù kan tí ó jáde ní 1976, bí ìṣẹ́jú 5 péré ni a rí òṣèré Beatrice Straight, tí ó ṣe ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ jẹ́wọ́ fún pé obìnrin mìíràn ti gba òun lọ́kàn. Ó jágbe mọ́ ọn, ó béèrè ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí òun, ó sì sunkún, wọ́n sì fún un ní Oscar ní 1977. Kò sí ẹni tí ó dá a padà sẹ́yìn kí ó tó yé e.

Ṣùgbọ́n kí n má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí n máa pa làpálàpá. Àwọn olùdarí fíìmù gan-an ni ọ̀daràn, àwọn tí ń gba òṣèré gidi, tí wọ́n ń fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dípò ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń retí pé kí ojú rẹ̀ bá wọn kọ ìtàn tí wọn kò kọ. Àwọn náà ni wọ́n ń bí ọ̀rẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn sáyé nítorí kí ó lè kú, kí ọ̀gbẹ́ni náà lè rí nǹkan sunkún lé lórí. Bí ariwo "ó jinlẹ̀, ó jinlẹ̀" yìí bá sì ta sí wọn létí, wọn yóò ṣe apá kejì nípa ìgbà èwe awakọ̀, àbúrò mi yóò sì máa wá ìjìnlẹ̀ ẹni tí ó ń fọ ọkọ̀.

Àbúrò mi tún pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ti rí i, pé inú ọ̀rọ̀ òjò yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Láti òní lọ, kí olùdarí fíìmù kọ ìwé kọ́ gbogbo amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn lọ́rùn, kí ó sì buwọ́ lù ú: "Eléyìí ní nǹkan lọ́kàn", tàbí "Eléyìí ń wa ọkọ̀ lásán ni." Kí ẹnì kan sì bá mi gba rìmóòtù lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí.